Oúnjẹ Tí Bàbá Mi Gbìn fún Àgbọ̀nrín

Ọdún tí mo pé ọmọ ọdún mọ́kànlá ni bàbá mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbin oúnjẹ fún àgbọ̀nrín. Bí mo bá sọ ọ́ báyìí fún àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní Swinton, ẹ̀rín ni wọ́n máa ń fi mí rín, wọ́n á ní àgbọ̀nrín wo ló wà ní Gorton. Òótọ́ ni, kò sí ní Gorton, àdúgbò wa ní Manchester. Ilé wa níbẹ̀ so mọ́ ilé méjì, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, débi pé bí ọkùnrin ilé ọwọ́ ọ̀tún bá húkọ́, ìyá mi á ti sọ pé “pẹ̀lẹ́ o” kó tó rántí pé onítọ̀hún ò gbọ́ Yorùbá. A máa ń gbọ́ tẹlifíṣọ̀n wọn, a máa ń gbọ́ omi nínú páìpù wọn, a sì máa ń gbọ́ ọkọ̀ òfuurufú tó bá fẹ́ balẹ̀. Ṣùgbọ́n ìró tí mo mọ̀ jù lọ nínú ilé náà ni ìró ẹsẹ̀ bàbá mi. Ìṣísẹ̀ mẹ́jọ ni láti ojú fèrèsé pálọ̀ dé ẹnu ọ̀nà kíṣìnì. Á rìn ín dé ibẹ̀, á yí padà, á tún rìn ín. Ó lè wà lẹ́nu oúnjẹ kó dìde, kó mú òkèlè èbà dání lọ sí ojú fèrèsé, kó wo ojú ọ̀run, kó tó padà wá fi kan ọbẹ̀. Ìyá mi á ní, “Dádì Tọ́lá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó, ọbẹ̀ ń kán sórí kápẹ́ẹ̀tì.” Á jókòó. Kí n tó gbé omi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ti tún dìde.

Nílé, lágbègbè Ọdẹ́dá, iṣẹ́ ìjọba ló ń ṣe. Òun ni wọ́n ń rán láti oko dé oko láti kọ́ àwọn àgbẹ̀ bí wọ́n ṣe ń wo ilẹ̀ àti bí wọ́n ṣe ń fi àlàfo sílẹ̀ láàárín ẹ̀gẹ́. Ní Manchester, inú ọkọ̀ òfuurufú ló ń gbá. Bí èrò bá ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ báyìí ni òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á sáré wọlé, wọ́n á ṣa ike, wọ́n á ká bùláńkẹ́ẹ̀tì, wọ́n á nu tábìlì kéékèèké wọ̀nyẹn, wọ́n á sì jáde kí àwọn èrò mìíràn tó dé. Òun ló kọ́kọ́ dé sí ìlú yìí. Ọdún mẹ́ta ló lò kó tó ránṣẹ́ pe èmi àti ìyá mi. Nígbà tí a dé, ìyá mi rí iṣẹ́ sí ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó, ó rí ṣọ́ọ̀ṣì, ó rí ibi tí wọ́n ti ń ta ẹ̀lùbọ́, ó sì fìdí mọ́lẹ̀. Bàbá mi ni kò rí ibi fìdí mọ́. Mo rò ó wò lónìí, ó jọ pé ara rẹ̀ kò tíì gbà pé a ti dé. Èmi náà rèé, mi ò lè mu ife tíì kan tán lórí ìjókòó.

Ẹnì kan wà níbi iṣẹ́ rẹ̀ tó ń jẹ́ Ron, òyìnbó kan tó ti dàgbà, tó ń tún ẹ̀rọ tó ń gbé ẹrù àwọn èrò ṣe. Bí iṣẹ́ bá ti parí, ọdẹ ni Ron. Ó ní ìwé àṣẹ ìbọn, ó sì ti bá àgbẹ̀ kan ṣàdéhùn lórí òkè lẹ́yìn Hyde, pé òun lè máa ṣọdẹ lórí ilẹ̀ rẹ̀. Ìṣòro rẹ̀ ni pé àwọn àgbọ̀nrín kì í dúró níbẹ̀, wọ́n máa ń kọjá lọ sí igbó ẹlòmíràn ni. Ron gbọ́ pé bí ènìyàn bá gbin ohun tó dùn lẹ́nu wọn, wọ́n á máa wá fúnra wọn. Ṣùgbọ́n ìbàdí ń dùn ún, ó ń tiro, kò lè gbẹ́ ilẹ̀. Bàbá mi sọ ọ̀rọ̀ náà fún wa ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan nígbà tí ìyá mi ń ro ọkà, ẹ̀rín sì ń pa á. “Ẹran tó bá wọ oko ẹ̀wà bàbá tèmi, olè ni! Pàkúté ló ń dẹ fún un. Àwọn ará ibí ń gbin oúnjẹ fún olè.” Ìyá mi kò gbójú sókè. Ó ní, “Kí ló kàn yín níbẹ̀?” Àmọ́ nígbà tí ilẹ̀ Sátidé mọ́, ó ti wọ bàtà òjò rẹ̀, ó ń rin ìṣísẹ̀ mẹ́jọ rẹ̀, ó ń retí mọ́tò Ron. Èmi náà bẹ̀bẹ̀ títí wọ́n fi mú mi lọ. Nígbà tí bàbá mi sọ fún ìyá rẹ̀ lórí fóònù, a gbọ́ tí màmá àgbà ń pariwo fún àwọn ará ilé pé, “Ẹ wá gbọ́ o, ọmọ mi ń se àsè fún ẹtu nílùú òyìnbó!”

Ilẹ̀ náà kò tóbi ju ìdajì pápá ìṣeré ilé ìwé wa lọ. Ògiri òkúta wà lápá kan, igbó kékeré wà lápá kejì. Bí ojú ọjọ́ bá mọ́, a máa ń rí gbogbo Manchester nísàlẹ̀, bí ẹni tó da ẹrù sílẹ̀ tí kò tíì tò ó. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, bàbá mi kúnlẹ̀, ó bu erùpẹ̀, ó fọ́ ọ lọ́wọ́, ó gbóòórùn rẹ̀. Ó sọ fún Ron ní Gẹ̀ẹ́sì tó máa ń rọra sọ pé ilẹ̀ yìí kan, kò ní gba irúgbìn bẹ́ẹ̀, a ní láti fi lime sí i, ìyẹ̀fun funfun tó ń pa kíkan ilẹ̀. Ron ní koríko ṣáà ń hù níbẹ̀, kí ló dé tí nǹkan mìíràn ò ní hù. Ron ni onílẹ̀ fún láyè. A gbìn ín bí Ron ṣe wí. Ohun tó hù pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ó tín-ín-rín, ìgbín tí kò níkarahun jẹ ìdajì, àwọn ẹyẹlé jẹ ìyókù. Bàbá mi kò sọ pé “mo wí bẹ́ẹ̀.” Ó gbé ọ̀rọ̀ náà wá sílé ni. Ó ń ya àwòrán sí ẹ̀yìn gbogbo àpò lẹ́tà tó bá wọlé, ó ń fi ẹsẹ̀ wọn pálọ̀, ó ń dá sọ̀rọ̀ nípa ilẹ̀ kíkan títí ìyá mi fi ní kó lọ máa rìn níta, pé orí ń fọ́ òun, iṣẹ́ alẹ́ lòun ti ń bọ̀.

Nígbà tí ilé ìwé gba ìsinmi ìgbà ooru, Ron gbà. A fọ́n lime sílẹ̀, èmi àti bàbá mi, títí ojú wa fi funfun tí Ron sì ń pè wá ní òkú méjì. Bàbá mi fi wáyà kékeré yí ilẹ̀ náà ká kí àgùntàn àgbẹ̀ náà má bàa wọlé. Àgbọ̀nrín ní tirẹ̀, fífò ló máa fò ó. A gbin turnip, tó máa ń ta roboto nínú ilẹ̀, àti ẹ̀fọ́ kale, a sì fọ́n clover sáàárín wọn, koríko ewé mẹ́ta-mẹ́ta yẹn. Òjò Manchester ṣe ìyókù. Ṣùgbọ́n bí oko náà ṣe ń dára ni ilé wa ń le. Bí wọ́n bá fún bàbá mi níṣẹ́ ní Sátidé, ọjọ́ Ìsinmi ló ń lọ sí orí òkè. Ìyá mi á mú Bíbélì rẹ̀, á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á ní, “Ẹ ò ráyè wá sí ìsìn, ẹ ráyè fún ẹran.” Èmi a wà láàárín wọn pẹ̀lú bàtà òjò lẹ́sẹ̀ kan àti bàtà ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́sẹ̀ kejì, mi ò mọ ti ẹni tí ǹ bá ṣe.

Òwúrọ̀ kan ní oṣù kẹsàn-án ni mo kọ́kọ́ rí àgbọ̀nrín níbẹ̀. Èmi àti bàbá mi nìkan la dùbúlẹ̀ sẹ́yìn ògiri òkúta, Ron wà nínú mọ́tò pẹ̀lú ìbàdí rẹ̀. Ẹran náà jáde láti inú igbó, ó kéré ju bí mo ti rò lọ, etí rẹ̀ ń yí síbí, ó ń yí sọ́hùn-ún. Ó dúró nídìí wáyà. Lẹ́yìn náà ó fò, bí ẹni pé kò sí wáyà níbẹ̀ rárá, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í já ẹ̀fọ́ jẹ. Bàbá mi sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ létí mi, “Wò ó, orí ewé nìkan ló ń mú. Ó mọ oúnjẹ.” Èmi ò wo ẹran náà mọ́, bàbá mi ni mò ń wò. Kò mì. Ìka ọwọ́ rẹ̀ kò mì, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò mì. Mi ò rí i bẹ́ẹ̀ rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi.

Ọdún yẹn kan náà ni àwọn òbí mi kọ ìwé láti di ọmọ orílẹ̀-èdè yìí. Wọ́n ti ṣe ìdánwò rẹ̀, wọ́n sì ti yege. Lẹ́tà dé pé kí àwọn méjèèjì wá búra ní gbọ̀ngàn ìjọba ní aago méjì ọ̀sán ọjọ́ kan, nígbà tí a máa wà ní ìsinmi ráńpẹ́. Ìyá mi lẹ lẹ́tà náà mọ́ ara fíríìjì. Ó lọ aṣọ bàbá mi, ó lọ tèmi, ó fi wọ́n kọ́, ó tún sọ wọ́n kalẹ̀ lọ́jọ́ kejì, ó tún wọn lọ̀. Àfi bí ọjọ́ yẹn ṣe wá bọ́ sí ọjọ́ tí òfin ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà kí wọ́n máa pa abo àgbọ̀nrín, tí Ron sì máa wọ ilé ìwòsàn ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e kí wọ́n tún ìbàdí rẹ̀ ṣe. Bàbá mi ní òwúrọ̀ kùtùkùtù ni, pé kí aago mẹ́wàá tó lù òun ti délé. Ìyá mi yíjú sí mi. “Tọ́lá, ìwọ bá wọn lọ. Bí ó bá di aago mẹ́wàá, rán bàbá ẹ létí. O gbọ́ mi?” Mo ní, “Ẹ̀n, mà.”

Ẹran náà wá lóòótọ́. Ron na ìbọn lé orí ògiri. Bàbá mi fi ọwọ́ kàn án léjìká, ó ní, “Dúró, kò tíì fẹ̀gbẹ́ kọ wá.” Ron kò dúró. Ìbọn dún, etí mi di. Ẹran náà ta sókè, ó fo wáyà, ó wọ igbó lọ. Ron jókòó sílẹ̀, ojú rẹ̀ funfun, ó ń sọ pé ọwọ́ òun gbọ̀n, ọwọ́ òun gbọ̀n. Bàbá mi ti wà lójú ibi tí ẹran náà dúró sí. Ó kúnlẹ̀ bó ṣe kúnlẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ló ń wò báyìí, díẹ̀ lára ẹ̀fọ́ kale, díẹ̀ lára òkúta. Ó ní, “Kò kú.” Ron gbìyànjú láti tẹ̀ lé wa, kò lè kọjá ògiri kejì. Ó yọ ọ̀bẹ rẹ̀ fún bàbá mi, a sì fi í sílẹ̀ níbẹ̀.

Mo ti wá mọ̀ báyìí pé bàbá àgbà, tí mi ò rí rí, ló kọ́ bàbá mi ní ohun tó ṣe lọ́jọ́ yẹn. Ó ń wo koríko tó tẹ̀, ó ń wo òkúta tó yí. Á dúró, á ṣí àyà síbi tí afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀, á tún tẹ̀síwájú. A gun òkè, a sọ̀ kalẹ̀, ẹrẹ̀ wọ inú bàtà mi. Mo ní, “Dádì, aago mẹ́wàá ti lù.” Ó ní, “Mo gbọ́.” Mo tún sọ ọ́ nígbà tó di mọ́kànlá, ẹkún sì ti wà lóhùn mi: “Dádì, ẹ jẹ́ ká lọ. Mọ́mì ń dúró dè wá.” Ó dúró nígbà yẹn. Ó wo ìlú nísàlẹ̀, ọkọ̀ òfuurufú kan ń rọra sọ̀ kalẹ̀ lọ́nà ibi iṣẹ́ rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ síwájú mi. “Tọ́lá, èmi ni mo pè é wá. Oúnjẹ tí mo gbìn ló wá jẹ. Mi ò lè fi í sílẹ̀ nínú igbó kó máa kú díẹ̀díẹ̀.” Ó ti kọjá aago méjìlá kí a tó rí i, létí odò tóóró kan, ó dùbúlẹ̀ nínú koríko, inú rẹ̀ ń lọ sókè sódò. Bàbá mi ní kí n kọjú sẹ́yìn. Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo yíjú padà, ó ń fọ ọwọ́ rẹ̀ nínú omi tútù yẹn, ó ń fọ̀ ọ́, ó ń fọ̀ ọ́, kò yé.

Orí òkè kò ní network. Bí mọ́tò Ron ṣe ń sáré sọ̀ kalẹ̀ ni fóònù bàbá mi bẹ̀rẹ̀ sí í dún léraléra, gbogbo ìpè tí ìyá mi ti pè. Ó pè é padà, kò gbé e. A kò yà sílé. Nígbà tí a dé iwájú gbọ̀ngàn náà, àwọn ènìyàn ti ń jáde, wọ́n ń ya fọ́tò. Ìyá mi wọ aṣọ aláwọ̀ ewé, ìwé rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wo bàbá mi láti orí dé ẹsẹ̀, ẹrẹ̀, ẹ̀jẹ̀ lápá ẹ̀wù. Ó kí Ron, torí kì í ṣe ẹni tó lè ṣaláìkí ènìyàn. Ó di ọwọ́ mi mú, ó sì fà mí lọ sí ibùdó bọ́ọ̀sì.

Nírọ̀lẹ́, nínú kíṣìnì, ìyá mi kò pariwo. Ó ń ṣa ẹ̀wà. Bàbá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń ṣàlàyé, ó sọ ti ìbọn, ó sọ ti ẹ̀jẹ̀. Ó ní, “Fúnmi, èmi ni mo pè é wá. Mi ò lè fi í sílẹ̀.” Ọwọ́ ìyá mi dúró lórí ẹ̀wà. “Èmi ńkọ́? Ta ló pe èmi wá? Ṣé ìwọ kọ́ lo pè mí wá síbí ni?” Nínú gbogbo ayé mi, mi ò gbọ́ kí ìyá mi pe bàbá mi ní “ìwọ” rí. Ọ̀rọ̀ náà bọ́ sáàárín ilé bí àwo. “Mo jókòó sáàárín èrò, àga òfìfo méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Wọ́n pe orúkọ ẹ lẹ́ẹ̀mejì. Gbogbo wọn wò mí.” Bàbá mi fa àga, ó jókòó. Mo jókòó lórí àtẹ̀gùn, mò ń sunkún, torí èmi ni wọ́n rán, èmi ni mi ò lè mú un padà.

Ron fi itan ẹran náà ránṣẹ́ sí wa. Ìyá mi ní kò ní wọ ìkòkò òun, bẹ́ẹ̀ ló ṣe wà ní ìsàlẹ̀ fírísà. Bàbá mi kọ lẹ́tà, wọ́n fún un ní ọjọ́ ìbúra mìíràn lẹ́yìn ọdún tuntun. Ó lọ kí Ron nígbà tí wọ́n ti tún ìbàdí rẹ̀ ṣe, ó sì sọ fún un pé òun ò ní gbìn ín mọ́. Nínú ilé, kò rìn nínú pálọ̀ mọ́. Hyde Road ló ń rìn, lọ bọ̀, nínú òtútù. Mo máa ń rò pé àlàáfíà la ń fẹ́ nígbà tí a ní kó jókòó, ṣùgbọ́n nígbà tí ìró ẹsẹ̀ yẹn kò sí, ilé náà ṣe mí bí ibi tí wọ́n ti kó ẹrù jáde.

Sátidé kan, ní ọ̀sẹ̀ tí Kérésìmesì ku díẹ̀, ìyá mi ti ibi iṣẹ́ dé, kò bọ́ kóòtù. Ó ní, “Ẹ mú mi lọ wo ibẹ̀.” Mo gbọ́ “ẹ” yẹn. Bàbá mi náà gbọ́ ọ, ó yára wá bàtà. Bọ́ọ̀sì la wọ̀, a sì fẹsẹ̀ rin ìyókù. Yìnyín ti bo orí òkè fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ẹsẹ̀ àgbọ̀nrín sì wà níbi gbogbo, wọ́n ti jẹ ẹ̀fọ́ náà dé ìdí, wọ́n ti gé orí turnip jẹ. Ìyá mi rìn ín láti ìgun dé ìgun. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ìka kan ẹbè tí ó tọ́ gbọnrangandan. “Ẹ̀yin lẹ ṣe gbogbo èyí? Kí ló dé tẹ́ ò sọ fún mi pé ó rí báyìí?” Bàbá mi ní, “Mo sọ. O ní kí ló kàn mí níbẹ̀.” Afẹ́fẹ́ fẹ́ gèlè ìyá mi, bàbá mi sì dúró sí ọ̀nà ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀, kó má bàa fẹ́ lù ú. Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ìsìn tí àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ, ìyá mi gbé itan náà jáde, ó fi ata rodo àti àlùbọ́sà sè é fún wákàtí púpọ̀. Ẹran náà yi. A jẹ ẹ́ tán.

Bàbá mi kò rí iṣẹ́ àgbẹ̀ ṣe nílùú yìí. Ọkọ̀ òfuurufú ló ń gbá títí ó fi fẹ̀yìn tì. N kò lè sọ pé ohun kan tún ohun kan ṣe. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ọjọ́ ìbúra rẹ̀, ìyá mi gba àyè níbi iṣẹ́, ó sì jókòó sí iwájú pátápátá. Nígbà tí obìnrin tó ń ka orúkọ dé orí Ọdẹ́wálé, orúkọ ìdílé wa, ó kọ́ ọ lẹ́nu. Ìyá mi dìde nínú gbogbo èrò, ó pè é jáde ketekete, ó sì jókòó. Bàbá mi lọ, ó búra, ó sì gba ìwé rẹ̀. Nínú bọ́ọ̀sì, ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ìyá mi, èmi wà lẹ́yìn wọn. A kò tíì jìnnà sí àárín ìlú tí orí rẹ̀ fi rọra tẹ̀ sí èjìká ìyá mi, ó sùn lọ, ẹnu rẹ̀ là díẹ̀. Nígbà tí bọ́ọ̀sì dé ibi tó yẹ kí a sọ̀ kalẹ̀ ní Gorton, mo dìde, mo na ọwọ́ láti jí i. Ìyá mi gbá ọwọ́ mi mú. “Fi wọ́n sílẹ̀,” ó ní. “Jẹ́ kí wọ́n sùn. Ibi tó bá gbé wa dé, a ó ti ibẹ̀ padà.” Mo jókòó. Bọ́ọ̀sì pa ilẹ̀kùn dé, ó sì ń gbé wa lọ.